Àmì Kékeré Ojú Pátákó

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn náà, ṣọ́ọ̀kì sì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sún sẹ́yìn, ó gbọn ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ní x jẹ́ mẹ́ta àti ìdá márùn-ún nínú méje. Ó ní kí ó má yà wọ́n lẹ́nu, pé kì í ṣe gbogbo ìdáhùn ló máa ń gún régé.

Orí márùn-ún tẹ̀ mọ́ ìwé, wọ́n ń dà á kọ. Orí kẹfà, ti Làtífátù, kò tẹ̀. Bírò rẹ̀ dúró lókè ìwé, ojú rẹ̀ ń lọ sí ojú pátákó, ó sì tún ń padà. Ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀ ni mẹ́jọ.

Sátidé ni, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Thomas Estate dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, àfi jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó ń kùn. Abẹ́ òrùlé tí Fèyíkẹ́, ọmọ Bàbá tó jẹ́ lọ́yà, ń gbé ọkọ̀ sí ni kíláàsì wọn. Gbogbo Sátidé ló máa ń gbé ọkọ̀ náà síta kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bàbá rẹ̀ lè ráyè jókòó: bẹ́ǹṣì kan, àga oníke méjì, àti garawa ọ̀dà kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn, àwọn tó ti Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì wá kọ́lé ní Lẹ́kkí. Pátákó tí Bàbá ń kọ nǹkan sí, Àṣírù káfíńtà ló kàn án. Ó to pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kùn wọ́n ní dúdú. Ọjọ́ Túsìdeé tó ń bọ̀ ni wọn yóò jókòó ṣe ìdánwò ìṣirò fún ìwé mẹ́wàá.

Ìdánwò náà kì í ṣe eré fún Làtífátù. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni, ọmọ Ìkirè. Ilé ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì kẹta nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àbúrò ìyá rẹ̀ sì mú un wá sí Èkó, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lẹ táìlì. Ó mọ iṣẹ́ náà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Lẹ́kkí Free Zone, ọ̀gá tó ń wá alábòójútó fún àwọn onítáìlì gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan kalẹ̀ láàárín yàrá tí Làtífátù ṣe. Bọ́ọ̀lù náà ò yí síbì kankan. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó bèèrè ìwé mẹ́wàá rẹ̀, kò sì sí. Ọkùnrin tí Làtífátù fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé táìlì ló gba ipò náà. Ó bá a yọ̀ dénú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó lọ gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò látìgbà náà. Àwọn ẹ̀kọ́ tó kù gbà fún un, ìṣirò nìkan ló ń dá a padà. Wọ́n ti wá ní apá kejì ilé iṣẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀gá yẹn sì ti ránṣẹ́ bi í pé ṣé ìwé ti jáde.

Ilé ìwẹ̀ ló mú òun àti Bàbá pàdé. Fèyíkẹ́ ní kó wá tún ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ bàbá òun ṣe, nítorí pé táìlì àtijọ́ ń yọ̀. Làtífátù wọn ilẹ̀ náà, ó fi bírò kọ nǹkan sára ògiri, ó ní kí wọ́n ra mẹ́tàléláàádọ́ta. Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Oǹdó àti Iléṣà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bó ṣe rí iye náà. Ó ní gígùn ilẹ̀ jẹ́ igba sẹ̀ǹtímítà ó lé ogójì, ìbú rẹ̀ jẹ́ ọgọ́sàn-án, táìlì kan sì jẹ́ ọgbọ̀n. Ìyẹn mẹ́jọ lóròó, mẹ́fà níbùú, méjìdínláàádọ́ta. Èyí tó máa fọ́ nígbà tí òun bá ń gé e, ọ̀kan nínú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ ká pè é ní márùn-ún. Bàbá bi í pé ta ló sọ fún un pé kò mọ ìṣirò. Ó ní ìdánwò ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àṣírù gbọ́, ó wá. Jàmíù bíríkìlà gbọ́, ó mú àwọn mẹ́ta mìíràn dání.

Áljẹ́brà ló ń dẹ́rù ba Làtífátù jù. Bàbá ní x kì í ṣe iwin. Ó ní ohun tí a kò tíì mọ̀ ni, a kàn fún un lórúkọ kí a lè máa bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní ìyọkúrò kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá, pé ẹni tó bá pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti yọ márùn-ún kúrò nínú ogún kó tó la ẹnu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó kọ́ wọn láti máa dá ìdáhùn padà sílé: bí o bá ti rí x, mú un padà sínú ìbéèrè tó ti jáde wá, kí o wò ó bóyá ilé yóò gbà á.

Kì í ka ìwé sí wọn. Ó máa ń jókòó, á pa ojú dé, á máa pe ìbéèrè láti orí wá bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ láàárín ara wọn pé orí Bàbá jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Àṣírù ti rí ìwé ìdánwò àtijọ́ kan rà lábẹ́ afárá Ajah. Kí Bàbá tó jáde sí wọn, ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ da ìbéèrè kan kọ sójú pátákó:

5(x − 3) + 2x = 41

Bàbá jáde, ó bá a níbẹ̀. Ó súnmọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀:

5x + 15 + 2x = 41
7x + 15 = 41
7x = 26

Ó fi méje pín in, ó fa ìlà méjì, ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́.

Ní ti Làtífátù, kí Bàbá tó kọ ìlà kìíní tán ló ti rí páálí. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Iye táìlì tó wà nínú páálí kan ni x. Páálí márùn-ún wà tí mẹ́ta fọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Páálí méjì sì wà tí ohunkóhun ò ṣe. Táìlì tó dára, ní àpapọ̀, jẹ́ mọ́kànlélógójì. Bí mẹ́ta bá fọ́ nínú páálí márùn-ún, èyí tó fọ́ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá sí èyí tó fọ́, páálí méjèèje ì bá ní mọ́kànlélógójì àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó fi méje pín in, ó kan mẹ́jọ. Ó dá mẹ́jọ padà sílé: mẹ́jọ yọ mẹ́ta ku márùn-ún; márùn-ún lọ́nà márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n; mẹ́jọ lọ́nà méjì, mẹ́rìndínlógún. Mọ́kànlélógójì. Ilé gbà á.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣì í. Ta ni òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá? Ó mú ìdáhùn Bàbá, ó dá ìyẹn náà padà sílé, pẹ̀lú ìdá inú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú omi. Bí a bá yọ mẹ́ta kúrò, ó ku ìdá márùn-ún nínú méje. Lọ́nà márùn-ún, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìlọ́po méjì x, ìdá méjìléláàádọ́ta. Ó ro wọ́n pọ̀: mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lórí méje, mọ́kànlá géérégé. Mọ́kànlá, nígbà tí mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń wá.

Ó tún wo ojú pátákó, ó sì rí i. Níbi tí Àṣírù ti kọ ìyọkúrò, Bàbá ti ṣe ìròpọ̀.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni; ọkùnrin yìí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn rí ju ìkíni lọ. Bí òun bá dákẹ́, òun á fi mẹ́jọ sínú ìwé òun, á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jàmíù, tó ń dà á kọ bí ẹni ń kọ àdúrà sílẹ̀, yóò gbé e lọ sínú ìdánwò lọ́jọ́ Túsìdeé. Bàbá ti mú aṣọ tó fi ń nu pátákó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Làtífátù wí. "Ẹ má tíì nù ún."

Bàbá dúró.

"Ẹ ní ká máa dá ìdáhùn padà sílé. Mo dá eléyìí padà, sà. Ilé ò gbà á."

Jàmíù yíjú wò ó bí ẹni tó rí obìnrin tó fẹ́ gun orí òrùlé. Àṣírù ń wo ilẹ̀, Làtífátù sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun náà ti rí i, ó kàn dákẹ́ ni.

Bàbá kò bínú. Ó bi í pé kí ni ilé wí. Làtífátù ní mọ́kànlá ló wí. Bàbá kọjú sí pátákó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ka ìbéèrè náà sí mi létí. Bó ṣe wà gan-an."

"Márùn-ún, àkámọ́ ṣí, x yọ mẹ́ta..."

"Dúró. Yọ?"

"Yọ, sà."

Ó na ìka, ó wá àmì náà kàn, ó fi ìka pa á. Ẹfun tó dùbúlẹ̀ parẹ́. Ìlà tó dúró lóòró kò parẹ́, nítorí pé kì í ṣe ẹfun. Ojú ibi tí pákó méjèèjì ti pàdé ni, àárín rẹ̀ gan-an sì ni Àṣírù ti fa ìyọkúrò rẹ̀ kọjá. Lójú ẹni tó ríran dáadáa, ìlà pákó jẹ́ ìlà pákó. Bàbá rí àgbélébùú kékeré kan, ó sì pè é ní ìròpọ̀.

Làtífátù rí ìka náà bó ṣe ń tẹ̀ lé ìlà náà lọ, bọ̀.

Bàbá yíjú padà sí wọn. Ó ní kí gbogbo wọn fagi lé ohun tó kọ, pé òun lòun ṣì í, ìṣirò kò ṣì. Lẹ́yìn náà ló mú èyí tó gùn jù nínú ṣọ́ọ̀kì tó ṣẹ́, ó nà án sí Làtífátù.

"Wá ṣe é."

Kò tíì dúró níwájú pátákó rí láyé rẹ̀ bí àgbà. Ó kọ ìlà kìíní, ó kọ ìkejì. Nígbà tó kọ 7x − 15 = 41, Jàmíù ní òun ò mọ ìdí tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi di ohun tí wọ́n ń yọ, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Làtífátù rò ó wò bóyá kí òun sọ ọ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ páálí fún wọn. Ó bi Jàmíù pé bí mẹ́ta bá fọ́ nínú páálí kan, páálí sì jẹ́ márùn-ún, mélòó ló fọ́? Jàmíù ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Làtífátù ní ìyẹn ló ń yọ. Jàmíù tún wo ojú pátákó, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ tí òun ti ń rí àkámọ́, òun ò mọ̀ pé páálí ni.

Bàbá ti lọ jókòó lórí garawa ọ̀dà láàárín wọn. Ó gbé ọwọ́ sókè bí akẹ́kọ̀ọ́, ó dúró títí Làtífátù fi dá a lóhùn, ó wá bi í pé báwo ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe máa kọjá sí òdìkejì àmì dọ́gba. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Làtífátù ní kò kọjá síbì kankan, sà, a kàn dá àwọn tó fọ́ padà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni, kí òṣùwọ̀n má bàa tẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mẹ́jọ. Ó dá a padà sílé níwájú gbogbo wọn, ilé sì gbà á.

Wọ́n ṣe mẹ́rin mìíràn nínú ìwé Àṣírù lọ́nà yẹn, wọ́n ń ka ìbéèrè sókè, Bàbá ń bi wọ́n léèrè láti orí garawa rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà, wọ́n dìde. Àṣírù fi ọwọ́ pa ojú ibi tí pákó ti pàdé, ó ní òun yóò mú pọ́tì wá dí i. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá sì súre fún un. Bàbá dúró kí Àṣírù jáde tán kó tó sọ fún Làtífátù, tó ń to àga, pé kì í ṣe ojú pákó ló fẹ́ àtúnṣe.

Ó ní kó jókòó. Ó ṣàlàyé fún un pé láti ìgbà ọyẹ́ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Bí òun bá wo nǹkan, àárín rẹ̀ á ṣókùnkùn, bí ẹni pé ẹnìkan fi àtàǹpàkò bò ó. Eteetí rẹ̀ nìkan lòun ń rí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí òun ò ti lè ka ìwé. Ìbéèrè tí òun ń pè fún wọn, àwọn tí òun ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pè ni, wọ́n ti wà lórí òun. Òun ò tíì sọ fún Fèyíkẹ́. Bí ó bá gbọ́, yóò ní kí kíláàsì dúró, yóò gbé òun jókòó sínú yàrá bí ẹrù tí wọ́n fi pamọ́ kí ó má bàa fọ́.

"Sátidé nìkan ni mo fi ń mọ ọ̀sẹ̀," ó wí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ Làtífátù bí ọmọdé ṣe ń sọ fún àgbà pé kó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu kèrègbè. Ó wo ojú pátákó, níbi tí x ṣì wà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ohun tí a ò bá tíì mọ̀, ká kọ́kọ́ fún un lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà fún eléyìí lórúkọ, sà."

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Làtífátù sì bẹ̀rù kó tó rí i pé ẹ̀rín ni. Ó ní ohun tó burú nínú kí ènìyàn kọ́ ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Fèyíkẹ́ ló gbé ẹ̀pà àti omi tútù jáde, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì. Làtífátù dìde láti fún wọn láyè, ṣùgbọ́n Bàbá ní kó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, ní ṣókí, láìfi ohunkóhun pamọ́: ọyẹ́, àtàǹpàkò, ìyọkúrò tó di ìròpọ̀. Fèyíkẹ́ gbé àwo ẹ̀pà kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀.

"Mo ti ń retí kí ẹ sọ ọ́, Dádì."

Ó ní òun ti rí i pé tíì ń kọjá etí kọ́ọ̀pù nígbà tí Dádì bá ń dà á. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n fi orúkọ òun kí aládùúgbò kan. Òun ti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní oorun ni, òun ò sì fẹ́ fi ipá mú wọn. Ó mú fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ojú tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fún wọn ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Bàbá bèèrè, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, pé kíláàsì ńkọ́. Fèyíkẹ́ wò ó.

"Ta ló ní kí kíláàsì dúró? Ọkọ̀ mi ti mọ ìta lọ́jọ́ Sátidé."

Ó padà wọlé, wọ́n sì gbọ́ tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá jẹ ẹ̀pà díẹ̀. Ó ní òun ti ní ìbéèrè kan nílẹ̀ lórí òbírí, òbìrìkìtì inú ìṣirò, fún òní kí ìwé Àṣírù tó dé, òun ò sì fẹ́ gbé e sùn. Ó pa ojú dé.

"Òbírí kan, láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mẹ́tàlá. Ìlà kan gé e kọjá láti etí dé etí, gígùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Báwo ni ìlà náà ṣe jìnnà sí àárín tó?"

Làtífátù ya òbírí, ó fa ìlà, ó fi àmì sí àárín. Ó dúró. Nǹkan mẹ́ta náà ń wo ara wọn, kò sì rí ohun tó so wọ́n pọ̀. Bàbá, tí ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé, ní kó sọ ìlà kan kalẹ̀ láti àárín, kó bá ìlà ńlá náà pàdé ní igun tó tọ́, bí ògiri ṣe ń bá ilẹ̀ pàdé. Ó ní kí ló ṣe sí ìlà ńlá? Làtífátù ní ó là á sí méjì ọgbọọgba, méjìlá, méjìlá. Bàbá ní kó wá fa òmíràn láti àárín dé ibi tí ìlà ńlá ti kan etí òbírí.

Ó fà á, onígun mẹ́ta kan sì yọ jáde láàárín òbírí náà bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, mẹ́tàlá. Ìsàlẹ̀, méjìlá. Mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́tàlá, mọ́kàndínláàádọ́sàn-án. Méjìlá lọ́nà méjìlá, mẹ́rìnlélógóje. Ó yọ ọ́, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Iye wo ni a ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó ń di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n?

"Márùn-ún, sà."

"Márùn-ún," ni Bàbá wí, ó sì la ojú.

Làtífátù wo ìlà méjèèjì tó fà. Wọn ò sí nínú ìbéèrè rárá. Ẹni tí kò rí àmì tó wà lójú pátákó ti rí ìlà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fà.

Bàbá bèèrè bóyá ó lè yà wá lọ́la, ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́rin, kó wá ka ìwé tí Àṣírù fi sílẹ̀ sí òun létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọn tó kù lè bá ìbéèrè inú rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wá ṣe àtúnyẹ̀wò ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Ó ní òun yóò wá, sà. Ó nu pátákó, ó to àga, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì lọ sí ẹnu géètì. Níbẹ̀ ló ti ń tún okùn sálúbàtà rẹ̀ dè nígbà tí Bàbá jáde sí àgbàlá, tó ń bá Àyúbà tó ń ṣọ́ ilé sọ̀rọ̀.

Ó ń sọ fún un pé lọ́la, ní aago mẹ́rin, àwọn tíṣà ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé tí òun bá ń sùn, kó jí òun. Kó má jẹ́ kí wọ́n dúró níta o, kó gbé àga fún wọn.

Làtífátù jáde. Òjò ti kọjá lápá ibòmíràn, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń fẹ́ wá láti ọ̀sà. Ó ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀sítéètì, ó ń ronú pé ó dára bí Bàbá ṣe rí tíṣà mìíràn tí yóò ràn án lọ́wọ́, ẹni tó kàwé, ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dára, lóòótọ́. Ó kàn ṣe é bákan díẹ̀ ni, ó sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún un. Yóò gbìyànjú láti tètè dé, kó lè ka ìwé náà tán kí tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó sún fún ìyá kan tó gbé àpò ìrẹsì lé ẹsẹ̀.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ajah. Aago mẹ́rin. Ó tún un rò. Ẹni kan ṣoṣo ni Bàbá ní kó wá ní aago mẹ́rin ọ̀la.

Ó gbé orí sókè. Oníkẹ̀kẹ́ ń bi í níbi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ti bi í lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́.